Omi Búùtà Lójú Ọyẹ́: Ìgbésí Ayé Alhaja Nàfísàt Ọlánípẹ̀kun

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà fìdáù, ìlú Ọ̀fà ni wọ́n bí ìyá wa sí ní ọdún 1961, nínú ilé tó kọjú sí ojú irin. Alhaji Lukman Ọlánípẹ̀kun, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni bàbá wọn. Alhaja Asiata, oníṣòwò aṣọ, ni ìyá wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé búùtà àlùwàlá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Bí rélùwéè bá ń sáré kọjá, wọn a da omi sínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, wọn a máa wò ó bó ṣe ń tẹ̀, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́, tó ń di ìkùukùu. Ìrun a bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá wọn a ní omi àlùwàlá lọmọ yìí fi ń ṣeré.

Wọ́n gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1984. Ní 1988 ni Alhaji Abdulwasiu, bàbá wa, gbé wọn níyàwó. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni wọ́n ṣe, omi náà ni wọ́n sì ń lé kiri. Ó kàn ti di kẹrosíìnì ni. Nínú ẹ́ńjìnnì bàálù tó yára jù, eré burúkú ni afẹ́fẹ́ ń sá kọjá. Epo tí a bá tú sí i gbọ́dọ̀ pò mọ́ ọn kó tó jáde lẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á kú. Ọdún gorí ọdún, iná ń kú mọ́ wọn lójú nínú ọ̀pá ìdánwò onígíláàsì wọn, èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n ní Mummy Afẹ́fẹ́. Ohun tó ká wọn lára jù ni pé Alhaji Lukman ti ń darúgbó, wọn ò sì fẹ́ kí bàbá fayé sílẹ̀ láì mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ní 2009, wọ́n gbẹ́ kòtò kékeré sí ìsàlẹ̀ inú ọ̀pá náà. Afẹ́fẹ́ ń rọra yí po nínú rẹ̀, epo ráyè pò mọ́ ọn, iná sì dúró. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ gbé bàbá wọn wá. Bàbá wo iná aláwọ̀ aró náà títí, bí ẹni tó ń lálàá lójú ṣíṣí. Wọ́n wá ní, "Nàfísàt, mo gbà. O ò fi omi àlùwàlá ṣeré." Ìyá wa sunkún gan-an lọ́jọ́ náà.

Àwọn ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi sí mọ́sálásí àdúgbò. Wọ́n ní dandan, ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ kọ sí ọyẹ́, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé omi àlùwàlá lọ, wọ́n sì bá bíríkìlà fà á títí ó fi tún un mọ.

Wọ́n jáde láyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2025. Bàbá wa, àwa ọmọ wọn, Fatimah, Màrdíyyàh àti Bàrákàt, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, ni wọ́n fi sílẹ̀.

Nígbà tó tó àtiwọ́n omi sórí sàréè, búùtà ìyá wa ni Fatimah gbé. Bó ṣe ń da omi, ọyẹ́ gbé e, ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó fẹ́ ẹ sí gbogbo wa lójú. A rò pé bàbá wa máa bá a wí. Wọ́n ní kó tún dà á sí i.

Mummy, ẹ sinmi níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń rọra fẹ́. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín.