Èmi Ni Mo Pa Iná Check Engine, Mẹkáníìkì Ló ń Jìyà Ẹ̀

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo ṣe nǹkan kan, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹni tó bá fẹ́ wàásù fún mi kó yáa kọjá lọ, ìmọ̀ràn ni mò ń wá.

Tíṣà ni mí ní Ìnísà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń ta aṣọ ní Ìkìrun, ẹ má bínú pé mi ò pè é ní “wọ́n”, ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lára mi. Owó kọpuréétíìfù mi ni mo fi ra mọ́tò tòkunbọ̀ kékeré kan, àmọ́ níbi ìpàdé ẹbí, obìnrin yìí dìde, ó ní mo ti jẹ àbúrò òun gbẹ, pé mò ń wa mọ́tò kiri nígbà tí àbúrò òun ń gun ọ̀kadà. Lójú ìyá mi o! Ọkọ mi wà níbẹ̀, fóònù ẹ̀ ló ń tẹ̀. Ṣé ó ṣòro láti sọ pé ìyàwó mi ló ra mọ́tò ẹ̀ ni? Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin yìí ní kí n ta mọ́tò náà fún òun, òun fẹ́ máa fi kó ọjà lọ sí Òkukù. Àràárọ̀ ló ń pe ọkọ mi, ọkọ mi náà wá ń yọ mí lẹ́nu pé kí n gbà kí àlàáfíà lè wà. Àlàáfíà ta ni?

Lásìkò yẹn, iná check engine ti ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Mi ò lówó tí mẹkáníìkì á máa fi mọ́tò mi dánra wò, ni mo bá ra scanner kékeré kan lórí ayélujára, èyí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ steering, tó ń gbé èsì wá sórí fóònù. Kóòdù P0301 ló gbé wá, ìyẹn ni pé sílíńdà àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo wo fídíò títí ojú fi ń ta mí. Mo fi coil àkọ́kọ́, èyí tó ń fún plug níná, ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ìkejì, bóyá kóòdù á tẹ̀lé e, kò tẹ̀lé e. Mo pààrọ̀ plug, pàbó. Omi radiator ń dín kù, bẹ́ẹ̀ kò jò sílẹ̀... èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn... ọjọ́ tí mo yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn oil, oil ti dà bíi tíì onímílíìkì. Gasket orí engine ti lọ, omi ti ń wọ inú oil. Ẹ gbọ́ o, mo mọ̀!

Mo da oil yẹn nù, mo rọ tuntun, mo bomi kún radiator, mo tẹ “clear” lórí fóònù, iná kú. Mo ránṣẹ́ sí obìnrin yẹn pé mo ti gbà láti tà á fún un, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló sanwó, tó sì wá gbé e. Ó ní, “Ìyàwó, o mà ń tọ́jú mọ́tò o.” Inú mi dùn débi pé mo kúnlẹ̀ kí i.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí iná fi padà tàn. Ó gbé e lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan ní Ìkìrun, tí kò ní scanner, etí ló fi ń mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Bàbá ní òun fẹ́ tú orí engine wò, obìnrin yìí ní olè ni gbogbo mẹkáníìkì, kó pààrọ̀ plug kóun máa lọ. Bàbá ṣe bó ṣe wí. Lọ́jọ́ kejì, kó tó dé Òkukù, mọ́tò hó, engine kú, ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ìdérí radiator... omi gbígbóná bò ó láti ọrùn dé ọwọ́.

Nígbà tí wọ́n pè wá, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó tọ́ sí i. Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un ní ọsibítù, ó rójú bú mi pé iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ ni kí n káàánú?

Bàbá yẹn ni ọ̀rọ̀ mi. Obìnrin yìí ní bàbá mẹkáníìkì náà ló ba mọ́tò jẹ́, ó ti fi ọlọ́pàá mú un lẹ́ẹ̀kan, àwọn èèyàn sì ti ń kó mọ́tò wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Gbogbo ẹbí ń bú u. Èmi náà bú u... kí ni kí n ṣe? Kí n dákẹ́ kí wọ́n fura sí mi?

Sunday tó kọjá, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun àti ìyàwó ẹ̀ ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá tó dàgbà ju bàbá mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún èmi! Ó ní, “Tíṣà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lo mọ́tò yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àǹtí yín. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe sí i, àmọ́ mo ti gbà pé èmi ni.” Ó ti gbà! Ó ti rò ó títí, ó ti gba ohun tí kò ṣe. Mo ní kó dìde, mo ní màá bá a bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń ṣàdúrà fún mi... mo sì ń ṣe àmín.

Ìpàdé ẹbí ni Sátidé yìí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi lè lé mi jáde, ohun tí obìnrin yẹn ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, bàbá yẹn gbé nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà wo ni mo lè gbà yọ bàbá yẹn láìbẹ obìnrin yẹn? Torí mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé... kí ni kí n ṣe?