Nọ́ńbà Tí Mo Pè Ní Ẹ̀gbọ́n

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, àwọn ọmọ, àti ìyá ọkọ rẹ. Orúnkún Màmá ti ń gbọ́ oògùn. Wọ́n ti ń dá àtẹ̀gùn gùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Lánàá, ọmọbìnrin mi gbé ìṣirò ìlà gbọọrọ wá: y = 3x + 5. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ṣàlàyé fún ọ nígbà tí ìdánwò àṣejáde rẹ ku ọ̀la: "Nọ́ńbà tó ṣíwájú ni ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò tó kẹ́yìn ló ń sọ bó ṣe ń gòkè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ṣé àwọn nọ́ńbà náà ń dọ̀bálẹ̀ kíra wọn ni? Ẹ fi òdo sípò x. Kí ló kù?"

Márùn-ún ló kù. Ibẹ̀ ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta ni ìgòkè rẹ̀.

Bí ìwọ náà ti wí gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́ ọ. Mo dá ọ lóhùn pé, "Ta ló lọ poli nínú èmi àtìwọ, olóríkunkun?" Iyèméjì ti wọ̀ mí lọ́jọ́ náà, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n gbà. Tèmi lo kọ sínú ìdánwò. Nígbà tí ìṣirò gbé ọ ṣubú, èmi náà ni mo sọ fún Bàbá pé orí rẹ kò gba ìwé, tí wọ́n fi mú ọ kúrò níléèwé.

Bàbá kò sí láyé mọ́ kí n lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Kí Ọlọ́run má fi irú mi ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ. Jọ̀wọ́, fèsì, ìbáà ṣe èébú.

Èmi ni,
Ọmọ ìyá rẹ.