Gbúre Tí Mo Fà Tu

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù keje, 1999. Àdúgbò Pedro.

Ojú ń tì mí, ẹnu sì ń yà mí.

Ní Sátidé tí gbogbo àdúgbò ṣe ìmọ́tótó, mo fa koríko ẹ̀yìn ilé tu, mo kó o jọ sídìí ògiri. Òní ni ìyá ọkọ mi dé láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n wo òkìtì náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ta ló sọ fún ẹ pé koríko ni gbúre?"

Wọ́n já a, wọ́n fi se ọbẹ̀. Mo ka ìṣísẹ̀ wọn láti ìdí ògiri dé ìdí sítóòfù: mọ́kànlá péré. Tòmátì tí mo rà l'Ónípanu ńkọ́? Láti òkè Ọya ni tírélà ti ń gbé e bọ̀, tòun ti èéfín dísẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà. Kí ni mo tilẹ̀ ń wá lọ sọ́jà lójoojúmọ́?

Ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n mú bíírò ṣá. Gbúre tí mo fà dànù yẹn kò rọ. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, kò sẹ́ni tó bomi rin ín, síbẹ̀ ó ti ta gbòǹgbò lórí òkìtì, ó ń rúwé tuntun.

Èmi tí mo fà á tu náà ló sì ń bọ́.