Kòkòrò Ni Oògùn Mọ́ Lára, Kì Í Ṣe Èmi

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ o. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tí mo gbé kúrò lóko ń ṣe dáadáa. Ilé ìwòsàn ìlú Aarhus fún mi ní yàrá tèmi nìkan, bí ìyàwó ọba! Nọ́ọ̀sì Torben ló bi mí bóyá mo máa ń sún mọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní, "Àwọn ló tọ́ mi dàgbà." Kíá ló wọ ìbọ̀wọ́, ó bo imú, ó ti ilẹ̀kùn, nítorí kòkòrò ara ẹlẹ́dẹ̀ tí oògùn kì í tètè pa. Ẹ̀rín pa mí.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ mi, kíkọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lo oògùn apakòkòrò. Lóṣù tó kọjá, mo ń bá àwọn arúgbó sọ̀rọ̀, ni ìyá kan bá ní, "Oògùn ti mọ́ mi lára, kò ràn mí mọ́."

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin ló mọ́ lára, kòkòrò inú yín ni."

Ó ní, "Áà! Mo gbà á lálejò, ó tún ń jẹ oògùn mi yó!"

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àjẹkù oògùn inú agolo bisikíìtì, tí ẹ bù fún mi pé kó má ṣòfò, ẹ kó ìyókù padà sílé oògùn. Èmi olùkọ́ gbé tèmi mì, ó sì ti mọ́ kòkòrò ọgbẹ́ mi lára. Ẹ má sọ fún ìyá yẹn o.

Méjì àkọ́kọ́ kò ran ọgbẹ́ náà; oògùn kẹta ni wọ́n ń fà sí mi lára báyìí, àwọ̀ rẹ̀ dára bí omi ọsàn. Mo bi Torben pé èwo ni ẹ̀kẹrin. Ó yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní kí n wo ojú fèrèsé, oòrùn ti yọ.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ kí abo ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣùgbọ́n kí ẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìkíni.

Ọmọ yín,
Sidsel