Ibùdókọ̀ Òkè Tí Ràímì Kò Ti Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi Ràmátù, ẹ̀yin tí ẹ tọ́ èmi àti Ràímì dàgbà. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí àwọn ará oko ní Banigbé. Irọ́ ni mo pa fún yín ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àbúrò wa kò sá lọ sí ìlú mìíràn. Ó ti kú, èmi ni mo fi ikú rẹ̀ pamọ́. Ìwé tí mo kà ní Àjàṣẹ́ ni mo fi kọ irọ́ náà dáadáa.

Ibùdókọ̀ ojú irin kan wà níwájú ilé mi ní Ṣìkágò níbí, lórí òpó irin, ó ga ju òrùlé lọ. Àwọn àgbà àdúgbò ní torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpẹran ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, èrò dín kù. Níbẹ̀ ni mo ti ń gbálẹ̀, tí mo ń họ yìnyín.

Ràímì, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi níbí, kò ní ìwé ìgbélùú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, mo ní ìbàdí ń dùn mí. Kò dùn mí. Ibùsùn ló gbóná. Mo fún un ní aṣọ iṣẹ́ àti káàdì mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti di Ìdíríìsù lónìí, kí n máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n. Yìnyín yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ lókè ibùdó náà, ó já bọ́ sí títì.

Ọ̀gá wa mú káàdì náà wá sílé, ó bi mí bóyá mo mọ òkú náà. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lé mi. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n, mo ní olè ni, ó jí káàdì mi. Wọ́n sin ín láìsí orúkọ, láìsí ẹni tó kírun sí i lára.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n ti ibùdó náà pa, wọ́n gé àtẹ̀gùn rẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ ṣì ń kọjá, kì í dúró. Arúgbó kan tí a jọ ń gbé máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé nínú èmi àti ibùdó yìí, ta ni yóò kọ́kọ́ wó. N kì í lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà kan pé àwọn ará ọjà Ìfọ̀nyìn ń fi Sàlámátù, ìyàwó Ràímì, ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ òyìnbó. Pé ó kọ̀ láti lọ́kọ mìíràn, ó ní tòun ń bọ̀. Mo kà á, mo fi í pamọ́. Ẹ kò ṣe fídáù. Kò ṣe opó. Ó ti darúgbó sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, mo sì pe orúkọ rẹ̀ fún wọn. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹ tún sunkún mìíràn lẹ́yìn èyí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tí wọ́n bá ṣì fẹ́ ìkíni mi. Ìwé ikú rẹ̀ nìyí, àti tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ẹ kó wọn fún Sàlámátù. Ẹ ní kí ó má retí rẹ̀ mọ́.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ fi Ràímì lé lọ́wọ́,
Ìdíríìsù