Àgbo Tí Bàbá Rosalie Mu

Ṣítù,

Mo ti lọ sọ́jà. Nígbà tí o lọ fárí láàárọ̀ yìí, bàbá Rosalie, ọmọ tó o fẹ́ fi ṣaya, wá síbí, àwọn àti Rosalie fúnra rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ jókòó. Bàbá kí mi ní Faransé, wọ́n ní, "Bọ́njú. Níbo ni ọmọkùnrin tó sín sínú ọbẹ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú wà?" Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ń wúkọ́ bí ewúrẹ́, wọ́n ní ọ̀fìnkìn rẹ ò jẹ́ káwọn lè kọ́mọ níwèé mọ́.

Mo bá bu àgbo mi fún wọn, èyí tó o ní kò yẹ akọ̀wé búrò, ọ́fíìsì àwọn Faransé. Wọ́n mu ún, wọ́n làágùn, wọ́n tún tọrọ sí i. Wọ́n ní, "Ta ló sè é?"

Má bínú, mo ní ìwọ ni. Mo ní àràárọ̀ lo máa ń sè é kí ọ̀fìnkìn má baà mú ọ nígbà ọyẹ́. Inú wọn dùn. Wọ́n ní kí o wá kọ́ ìyàwó àwọn bí wọ́n ṣe ń sè é lọ́la.

Nítorí náà kọ́ ọ sórí: gún atalẹ̀, já ewé efinrin sí i, sè é. Tó o bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí i. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó o tó po oyin mọ́ ọn. Kí o sì fọ ọwọ́ tó o fi ń nu imú kí o tó fọwọ́ kan ìkòkò mi.

Rosalie mọ̀ pé o ò lè se omi lásán. Ó wò mí, ó fọwọ́ bo ẹ̀rín, kò tú àṣírí wa. Ọmọ yẹn fẹ́ràn rẹ, òmùgọ̀.

Kùdírátù, ẹ̀gbọ́n rẹ