Orúkọ Mi Lórí Ìwé Èéfín

Àtàláátà, 6 oṣù Karùn-ún, 2025
Lónìí ni mo kọ orúkọ mi tán lójú gbogbo ayé. Àmínátù Àbẹ̀kẹ́ Àjàlá. Kò sí ìtẹ̀ka. Ọkùnrin kan wá sí kíláàsì àgbà wa lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Alajo, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó ń dán lọ́rùn rẹ̀ — mo ti sọ ọ́ ní Ewé Ẹ̀fọ́. Ó ní Ọ́fíìsì Afẹ́fẹ́ Mímọ́ ló rán òun. Ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Twi díẹ̀: ojú ọ̀run ń gbóná, èéfín, àwọn ọmọ ọmọ wa. Ó pín ìwé. Àwọn yòókù tẹ̀ka. Èmi gba bírò. Tíṣà Mùsbáù pàtẹ́wọ́. Nàfísátù, tó ń yan bọ̀ọ̀lì ní òdìkejì ìsọ̀ bọ̀ọ̀lì tèmi, ní, "Ìyá oníwèé, ẹ má fi bírò ya ìwé o!" Ó sì fi ìró mi nu àtàǹpàkò rẹ̀.
Kí ló wà nínú ìwé? Mi ò kà á. Inú mi dùn jù.

Àlàrùbá, 7
Tàdáwà náà kò kúrò lára ìró mi.

Sátidé, 10
Fáìsátù wá. Ọmọ ọmọ mi, Mọ̀ọ́kà mi — yunifásítì ló ti jáde, Ọ́fíìsì Afẹ́fẹ́ Mímọ́ yẹn gan-an ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní, "Mámà, mo rí orúkọ yín! Mo fi han ọ̀gá mi. Gbogbo wọn tẹ̀ka, ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ọ́, paa!" Ẹnu mi ti là láti bi í pé kí ló wà nínú ìwé ọ̀hún. Mo pa á dé.
Mo bi í léèrè èéfín. Báwo ni èéfín bọ̀ọ̀lì mi ṣe ń dé ojú ọ̀run? Ó ní ó ń kóra jọ ni, bí aṣọ tí wọ́n fi bo èèyàn nínú ooru. Mo ní jẹnẹrétọ̀ àwọn olówó ní Kokomlemle ńkọ́? Ó ní tiwọn náà wà níbẹ̀. Mo ní ta ló wá gbé ìwé lọ fún wọn? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ̀ òfurufú ńkọ́? Ó ní, "Ah, Mámà, ẹ jẹ́ n jẹun."
Ó jẹ bọ̀ọ̀lì mẹ́ta. Bọ̀ọ̀lì èédú.
Ọmọ yìí kì í parọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi.

Àtìní, 19
Òjò. Omi gọ́tà wọlé dé orúnkún. Àpò èédú mi rin gbingbin. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Cow Lane, mi ò rí irú òjò báyìí. Àbí mo ti gbàgbé? Fáìsátù ní ojú ọ̀run ló ń bàjẹ́. Nàfísátù ní ọ̀rá ló dí gọ́tà. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa — mo gbé bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì. Bóyá àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Bóyá kò séyìí tó mọ̀.

Àlàmísì, 29
Ewé Ẹ̀fọ́ dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ó kọ̀wé sára pákó ìsọ̀ mi. Mo kà á fúnra mi: kí iná èédú kú kó tó di 10 oṣù Kẹfà. Ó ní ṣebí èmi ni mo fọwọ́ sí i pé n ó pa á. Ó fún mi ní ẹ̀dà ìwé náà. Orúkọ mi nìyẹn, ó gún régé.
Ogójì ọdún ni mo ti ń yan bọ̀ọ̀lì. Èédú ló tọ́ ìyá Fáìsátù, èédú ló rán Fáìsátù nílé ìwé. Bọ̀ọ̀lì tí kò rí èédú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán ni.
Mo ní Nàfísátù ńkọ́? Ó ní àwọn tó tẹ̀ka kò mọ̀wé. Òfin ní kí wọ́n tún un kà fún wọn ní èdè wọn, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí iná tiwọn tó kú. Nàfísátù na àtàǹpàkò sí mi láti òdìkejì títì. "Ẹ ẹ̀ rí i, Ìyá oníwèé? Àìmọ̀wé náà dùn!"

Jímọ̀, 30
Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ta ló dà á — èmi ni, àbí àwọn?

Àtìní, 2 oṣù Kẹfà
Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá wọn, obìnrin, ó ní sùúrù. Fáìsátù ló ń túmọ̀ fún wa, ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó ń fi wúrà han ayé. Ọ̀gá ní bí mi ò bá ka ìwé kí n tó fọwọ́ sí i, kí n sọ. Wọn á yọ orúkọ mi, n ó tẹ̀ka bíi tàwọn yòókù, iná mi á máa jó títí di ọdún tó ń bọ̀.
"Mi ò kà á." Gbólóhùn kékeré. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo ojú Fáìsátù.
Mo ní, "Mo kà á."
Ṣé òmùgọ̀ tún jù báyìí lọ?

Àlàrùbá, 4
Mò ń ka ìwé náà. Ojú ìwé mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì. Díkíṣọ́nárì Tíṣà lápá ọ̀tún, ìka mi lórí ìlà. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́: ìpínrọ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ kan gùn bí ọkọ̀ ojú irin. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àlàmísì, 5
Iléyá lọ́la. Mo pa alùbọ́sà tì, mò ń kàwé. Ojú ìwé kejì, nọ́ńbà keje. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e tọ Tíṣà Mùsbáù lọ, ó ní bí mo ṣe kà á náà ló rí: ọ́fíìsì ni yóò kọ́kọ́ gbé ààrò tuntun tí kì í rú èéfín fún ẹni tó fọwọ́ sí i. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tó bá gbà á ni yóò pa iná èédú.
Ààrò wo? Ta ló rí ààrò?

Àtàláátà, 10
Ewé Ẹ̀fọ́ dé pẹ̀lú báákẹ́ẹ̀tì omi. Iná mi ń jó. Mo ní kó gbé omi sílẹ̀. Mo ka nọ́ńbà keje fún un lóhùn rara, ní Gẹ̀ẹ́sì, létí títì. Awakọ̀ kan dúró. "Maame Alata, kà á lẹ́ẹ̀kan sí i!" Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá tó jẹ́ Yorùbá níbí nìyẹn. Mo tún un kà. Ewé Ẹ̀fọ́ gba ìwé, ètè rẹ̀ ń mì bíi tèmi ní kíláàsì. Ó ní, "Màmá, ojú ìwé kìíní nìkan ni wọ́n ṣàlàyé fún èmi." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fún un ní bọ̀ọ̀lì kan àti ẹ̀pà. Ó fi omi báákẹ́ẹ̀tì fọwọ́.
Nàfísátù kò na àtàǹpàkò sí mi lónìí.
Fáìsátù pè. Ó ti gbọ́. Ó ní àwọn ààrò náà kò tíì kúrò ní èbúté. Ó ní, "Mámà, lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i, ṣé ẹ kà á lóòótọ́?" Mo ní kó wá jẹ bọ̀ọ̀lì ní Sátidé.
Bóyá èéfín mi ló ń ba ojú ọ̀run jẹ́, mi ò mọ̀. Bí ààrò bá dé, bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ á di bọ̀ọ̀lì lórí rẹ̀, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní mo kà á. Irọ́ ni lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe irọ́ mọ́.